Ta Ni Yóò Fa Emil Lé Wa Lọ́wọ́?

Àwọn òyìnbó tó ń wá sí ilẹ̀ Tamil, Madurai ni wọ́n ń lọ, tàbí etí òkun. Kò sẹ́ni tó ń wá sí Salem, ìlú tiwa, fún afẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ wá wò? Ṣé èéfín ásíìdì tí a fi ń fọ fàdákà ni, àbí gọ́tà tó la ẹnu sílẹ̀, àbí ooru tó ń lé ajá sábẹ́ ọmọlanke? Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin pupa kan gbé báàgì sẹ́yìn, tó ń kanlẹ̀kùn mi ní Sevvapet, àdúgbò wa, pé òun gbọ́ pé mo ní yàrá lórí òrùlé, mo wò ó látòkè délẹ̀, mo ní, "Ìwọ yìí, ta lo bá jà nílé?"

Kò gbọ́ èdè. Ilavenil, ọmọ àbúrò mi, ló dúró láàárín wa tó ń tú ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Veni là ń pè é.

"Attai," ni Veni wí, bí ọmọ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin lọ́dọ̀ wa nìyẹn, "ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ òun wà, ibi tó bá wu òun lòun lè jókòó sí kóun máa ṣe é. Oṣù díẹ̀ níbí, oṣù díẹ̀ níbòmíì."

"Bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé nìyẹn. Má sọ ìyẹn fún un."

Ó sọ ọ́ fún un. Bí Veni ṣe rí nìyẹn láti kékeré. Bí o bá rán an níṣẹ́, bó ṣe gbọ́ ọ ni yóò jẹ́ ẹ, kò ní dín, kò ní lé. Ọmọkùnrin náà ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ sì pọ́n. Emil lorúkọ rẹ̀.

Mo bi í ní ohun tí à ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé wa. "Ìlú rẹ ńkọ́?"

Ó ní ibì kan ni wọ́n bí òun sí, ibòmíì lòun ti lọ sílé ìwé, ìyá òun ń bẹ ní Dẹ́ńmáàkì, bàbá òun, òun ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

"Mi ò bi ẹ́ níbi tí wọ́n bí ẹ sí. Mo ní bí o bá kú, ìlú wo ni wọn yóò gbé ẹ lọ?"

Veni kọ́kọ́ wojú mi, ó wá tú u. Ọmọkùnrin náà sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Orúkọ tèmi ni Nallammal. Opó ni mí, òrìṣà ò sì fún mi lọ́mọ. Odi kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ti Arthanari, àbúrò mi, tó jẹ́ bàbá Veni. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ fàdákà ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, bíi gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò wa: àwọn ọkùnrin á yọ́ ọ, wọ́n á fà á tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn obìnrin á so òrùka wẹ́wẹ́ rẹ̀ pọ̀. Torí pé atẹ́gùn wà lórí òrùlé mi, ibẹ̀ ni Veni máa ń gbé iṣẹ́ tirẹ̀ wá láàárọ̀. Ó ti jáde yunifásítì o. Ìyá rẹ̀ fi ìwé-ẹ̀rí kọ́ ara ògiri, ọmọ ń so òrùka.

Emil á jókòó sápá kan òrùlé, kọ̀ǹpútà lórí itan, á máa ya àwòrán tí àwọn tí kò rí rí yóò máa fi ìka tẹ̀ lójú fóònù. Veni á jókòó sápá kejì. Bí iná bá lọ, tí íńtánẹ́ẹ̀tì náà sì kú, Emil á pa kọ̀ǹpútà dé, á máa wo Veni. Ata gbígbẹ ni mo máa ń tẹ́ sórí ẹní ní tèmi, ṣùgbọ́n ojú mi kì í sí lára ata.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Amma," nítorí Veni ti kọ́ ọ pé ìyá ni kó máa pè mí, "bí mi ò bá gbọ́ ìró fàdákà yẹn, iṣẹ́ mi kì í lọ."

"Ra ẹ̀gbà, kó o so ó mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ."

Veni fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì tú ìyẹn. Kò tiẹ̀ nílò kó tú u. Ọmọkùnrin náà ti ń gbọ́ Tamil díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Tamil tirẹ̀ fi ń rìn.

Ohun kan ni mo bá a jà lé lórí. Bó bá ń jáde, á ní, "Amma, mo lọ." Ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Òkú ló ń lọ. Ẹni tó wà láàyè á ní, "Mo lọ, mo ń bọ̀." Mo dá a padà lẹ́nu ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, mo ní kó wọlé, kó jókòó, kó mu omi, kó tó tún un sọ. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára débi pé bó bá fẹ́ ra ìpékeré òdìkejì títì, á kígbe rẹ̀ kí gbogbo ojúlé lè gbọ́: "Mo lọ, mo ń bọ̀." Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà á dá a lóhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù wọn pé kó tètè dé.

Nígbà tí oyún aboyún ilé kejì wọ oṣù keje, tí wọ́n fẹ́ wọ ẹ̀gbà gíláàsì fún un ní ọwọ́ méjèèjì, bí àṣà wa fún aboyún, Emil ló bá wọn gbé àwo ẹ̀gbà. Ó jẹ ìrẹsì aláwọ̀ márùn-ún títí inú fi ń run ún. Ó ní ìró gíláàsì yẹn dùn ju ti fàdákà lọ. Veni ní, "Tèmi náà á dún lọ́jọ́ kan." Ó sáré sọ ọ́ ní Tamil kó má baà yé e. Ó yé e.

Oṣù díẹ̀ tí Emil ní òun fẹ́ lò kọjá, kò lọ. Ó lọ tún físà ṣe ní Colombo, ó padà wá. Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì Salem dára. Irọ́ ni.

Ìgbà yẹn ni Sarasu, ìyàwó àbúrò mi, bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Logu.

Logu ni àbúrò Sarasu. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò ìyá tó jẹ́ ọkùnrin ló ni ẹ̀tọ́ lórí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ fi ṣaya, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ìdí. Ẹnì kan ṣoṣo tó tún ní irú ẹ̀tọ́ yẹn ni ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà obìnrin bá bí. Ẹ̀gbọ́n bàbá Veni sì ni èmi, mi ò sì bí nǹkan kan.

Logu ti lé ní ogójì ọdún. Ilé iṣẹ́ fàdákà rẹ̀ tóbi, ó sì ti níyàwó rí. Obìnrin náà já sínú kànga. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́. Ẹni tó ti ń pọn omi nínú kànga láti ìgbà tó ti lè dá dúró, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, mo sì rí àpá tó ká ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po. Wọ́n ní okùn kànga ló bó o.

"Attai," ni Veni wí fún mi lórí òrùlé, fàdákà lọ́wọ́ rẹ̀, "bí wọ́n bá mú mi fún Àǹkù Logu, ẹ má wá síbi ìgbéyàwó náà."

"Opó kì í kúkú wá síbi ìgbéyàwó."

"Ẹ ò gbọ́ mi. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí." Ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, bí ọkùnrin yẹn bá ti wọlé, obìnrin náà á dìde dúró. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Ara rẹ̀ ló ń dìde fúnra rẹ̀."

"Òyìnbó orí òrùlé ńkọ́?"

Ó wo ọ̀nà yàrá Emil. "Ó ní òun ò fẹ́ lọ mọ́. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, Attai. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń ká mi lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dúró níbì kankan rí, ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró?"

Èmi náà ti ń bi ara mi.

Emil lọ tọrọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sọ fún mi. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ra máńgò, ó lọ bá Arthanari nídìí iṣẹ́, òun nìkan. Ta ló ń dá nìkan lọ tọrọ ìyàwó láyé yìí? Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti délẹ̀.

"Àwọn èèyàn rẹ dà?" Arthanari ń bi í.

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ń wò, mi ò rí ilé. Ta ni kí n ké sí bí o bá lu ọmọ mi? Ta ni kí n ké sí bí àìsàn bá dá ọ gúnlẹ̀?"

Sarasu ti ilé ìdáná dáhùn. "Kó ké sí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Logu wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Kò bínú. Ó na ọwọ́, ó mú máńgò kan, ó fi eyín ya èèpo rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán níwájú wọn. "Máńgò yìí dùn," ló wí. "Kó máa mú un wá." Emil jáde, kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gun òrùlé. Àwọn méjèèjì jókòó, Emil ò ṣí kọ̀ǹpútà. Veni ń so òrùka bí ẹni tí wọ́n ń fi iṣẹ́ náà jẹ níyà.

"Emil," mo ní, "ṣé o fẹ́ ní ìyá?"

"Mo ní ìyá, Amma."

"Èyí tó wà nítòsí ni mò ń wí. Bí mo bá gbà ọ́ lọ́mọ níwájú Muniappan, òrìṣà ìdílé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Veni lo dà yẹn. Ẹ̀tọ́ rẹ ò kéré sí ti Logu. Sarasu ò ní rí ẹnu fi sọ̀rọ̀, Arthanari náà ò sì ní wá èèyàn rẹ tì mọ́, èèyàn tìrẹ ni wá." Mo jẹ́ kí Veni tú u tán. "Wọ́n á fá orí rẹ, wọ́n á lu etí rẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Orí itan arákùnrin ìyá ọmọ ni wọ́n sì ti ń lu etí ọmọ."

"Ta ni arákùnrin ìyá mi?"

"Arthanari, àbúrò mi."

Ìró fàdákà dáwọ́ dúró. "Bí bàbá mi bá gbé e lé itan," ni Veni wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ó ti gbà nìyẹn."

"Ó ti gbà nìyẹn. Kò tún lè kọ̀ ọ́."

Kí n má purọ́, tèmi náà wà níbẹ̀. Opó tí kò bímọ, ọmọ ọlọ́mọ ní í finá sí òkú rẹ̀. Mo fẹ́ ẹni tí yóò ṣe é fún mi kì í ṣe nítorí pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

"Ohun kan ló kù," mo ní. "Ìyá rẹ gbọ́dọ̀ fà ọ́ lé mi lọ́wọ́. Ọmọ tí wọn ò bá fà léni lọ́wọ́, a jí i ni."

Emil juwọ́. "Ìyẹn ò le, Amma. Màá pè é lórí kọ̀ǹpútà. Ohunkóhun tí mo bá sọ, 'bó bá ti wù ẹ́' ló máa ń wí. Ọjọ́ tí mo kúrò nílé, ohun tó wí nìyẹn. Kò bi mí rí ìgbà tí màá padà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò ká lára, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kúrò lára wa.

Ó wá ku Arthanari. Mo bá a nídìí ẹwìrì.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí.

"Wọ́n ti ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́. O ò gbọ́ ni."

"Sarasu ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ìsinmi dé nìyẹn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní, "Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Logu. Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Òyìnbó yẹn lè di ẹrù rẹ̀ lọ́la."

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó Logu jáde nínú kànga, ṣé o rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀?"

Ó ń fẹ́ iná lọ, kò wojú mi. "Mo rí i."

"Ṣé okùn ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó tó." Ó fi ọ̀pá wa èédú jọ. "Ọjọ́ wo ni kí n wá síbẹ̀?"

Ẹ̀yìn ìlú ni Muniappan jókòó sí, lábẹ́ igi, ó ranjú kalẹ̀, idà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ níwájú rẹ̀. Àwọn tó bura èké níbẹ̀, a mọ ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwòrò ti ṣe tirẹ̀, wọ́n ti fá orí Emil, wọ́n ti fi igi sáńdà olóòórùn dídùn lílọ̀ kùn ún, orí náà ń dán yanran. Sarasu jókòó, ó kọ̀yìn sí wa. Logu dúró ti alùpùpù rẹ̀, kò sún mọ́ wa. Alágbẹ̀dẹ ti mú abẹ́rẹ́ dání.

Arthanari jókòó lórí ẹní. Ó tú táwẹ́lì èjìká rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó tún un tẹ́ títí ó fi tẹ́jú dáadáa. Mi ò rí i kí ó fi sùúrù ṣe nǹkan báyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí Veni. Mo wo Veni, mo rí i pé òun náà ń wò ó.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí níwájú òrìṣà. Ojú ìyá Emil yọ níbẹ̀, obìnrin tó rù, irun rẹ̀ funfun, ó wọ dígí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ, Veni tú u fún wa: "Ó ní kí ló ṣe irun ọmọ òun."

Emil fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín.

Àwòrò ní, "Bi í. Ṣé ó yọ̀ǹda ọmọ yìí fún Nallammal, kó má jẹ́ tirẹ̀ mọ́, kó jẹ́ Nallammal ni yóò bọ́, kó jẹ́ Nallammal ni yóò sin?"

Veni tú u. Ẹ ti mọ Veni, kò dín, kò lé. Obìnrin náà yọ dígí ojú rẹ̀. Ó bá Emil sọ èdè wọn. Emil fèsì kíákíá, ó ń fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà yíjú kúrò lára rẹ̀, ó kọjú sí Veni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ojú Veni ń yí padà bó ṣe ń gbọ́.

Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo ti rí obìnrin tó ń sunkún rí. Mo mọ ohun tó wí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, Veni àti Emil nìkan ló gbọ́ èdè yẹn. Kí Veni kàn ní "ó yọ̀ǹda," ó parí. Bàbá rẹ̀ á gbé e lé itan, Logu á gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Emil náà ń wò ó, kò sọ fún un pé kó sọ òótọ́, kò sì sọ fún un pé kó purọ́. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ yẹn.

"Ó ní rárá," ni Veni wí.

"Ó ní òun ò bi í ní ìgbà tí yóò padà torí òun ò fẹ́ dè é mọ́lẹ̀. Ó ní yàrá rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀, òun ṣì ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ rí pé ọmọ òun rò pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀." Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin títí ó fi dé ìparí. "Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó ń fi ọmọ tọrẹ."

Emil fi ọwọ́ méjèèjì bo orí rẹ̀ tí wọ́n fá. Àwòrò gbé eérú tó fẹ́ fi súre fún un kalẹ̀, ó ní, "Baba ti dáhùn." Arthanari mú táwẹ́lì kúrò lórí itan, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e kọ́ èjìká, ó dìde. Logu ti tan alùpùpù.

Nígbà tí a délé, mo lé Veni gun òrùlé.

"Ọ̀rọ̀ kan péré," mo ní. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Attai, ṣé ẹ rí bí bàbá mi ṣe ń tẹ́ táwẹ́lì yẹn? Ṣé ọmọ tí mo jí ni kí n gbé lé e?"

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń ro tìrẹ?"

"Mo rò ó." Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. "Obìnrin yẹn ń sunkún, Attai. Kò fi Gẹ̀ẹ́sì bo ẹkún rẹ̀. Bí mo bá gba ọmọ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí èmi náà á fi bímọ."

Mo fẹ́ nà án. Mo fà á mọ́ra dípò bẹ́ẹ̀, a sì jọ sunkún, ata mi ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Emil ní òun máa lọ bá ìyá òun sọ̀rọ̀ lójúkojú, pé yóò gbà, pé òun máa mú un wá kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo ìdána wọlé Arthanari. Ó bá Veni sọ̀rọ̀ lórí òrùlé, mi ò gbọ́ èyí tí wọ́n sọ. Lẹ́nu géètì ó tẹríba fún mi, irun kúkurú ti ń hù lórí rẹ̀. "Amma, mo lọ, mo ń bọ̀." Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà pé òótọ́ ló ń sọ.

Ó débẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀. Àìsàn ọ̀hún ti wà lára obìnrin náà tipẹ́, ó fi pa mọ́ fún un, nítorí kò fẹ́ dè é mọ́lẹ̀. Emil ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń pè mí, á ní, "Ẹ sọ fún Veni kó dúró dè mí."

Nílé wa, wọn ò dúró. Sarasu ti lọ wá ọjọ́ rere. Mo lọ bá Arthanari nídìí ẹwìrì, ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wá. Ẹ rí mi pé mo wá. Muniappan ló ní rárá. Ta ni mo jẹ́?" Mi ò rí ẹ̀bi kankan tí mo lè kà sí i lọ́rùn, ìyẹn gan-an ló sì bà mí nínú jẹ́ jù.

Kí wọ́n tó fi àtàlẹ̀ pupa kùn ún lára fún ìgbéyàwó, Veni wá bá mi. "Attai, ẹ má sọ fún un. Bó bá gbọ́, yóò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn, yóò wá. Kí ni yóò wá ṣe? Ó ti fi obìnrin yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, níbi tí opó ń wà. Mo gbọ́ fèrè. Nígbà tí fèrè yára, mo mọ̀ pé Logu ti so okùn ìgbéyàwó mọ́ ọn lọ́rùn.

Láti ìgbà náà, bí Emil bá pè, màá ní ara Veni le, màá ní ó lọ sọ́jà, màá ní kò sí owó ìpè lórí fóònù rẹ̀. Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n. Fóònù kì í kúkú ṣe Muniappan.

Oyún Veni wọ oṣù keje, wọ́n mú un padà sílé ìyá rẹ̀ kó lè bímọ níbẹ̀, wọ́n sì wọ ẹ̀gbà gíláàsì fún un, pupa àti aláwọ̀ ewé, díẹ̀ ló kù kó dé ìgbọ̀nwọ́. Ìlú wá wò ó, wọ́n ní ó rẹwà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gun òrùlé wá bá mi, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Mo ti àwọn ẹ̀gbà náà sókè kí n lè fi òróró pa á lọ́wọ́, mo sì rí ohun tó wà lábẹ́ wọn. Ó ká ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po, àwọ̀ rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ti ń di pupa rúsúrúsú. Mo ti rí i rí, lẹ́bàá kànga. Ó fa ẹ̀gbà wálẹ̀ bò ó. Mo fi òróró pa ìka rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí fóònù mi dún.

"Amma," ni Emil wí. "Ìyá mi ti kú. Mo ti sin ín. Kó tó lọ ó ní kí n bẹ̀ yín kẹ́ ẹ gbà mí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún ní rárá. Ẹ bá mi bi àbúrò yín bóyá itan rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún mi."

Mo wo Veni. Ó ti mọ ẹni tó ń pè. Ó gbé ọwọ́, ó ń juwọ́ sí mi pé rárá, rárá, kí n má sọ, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń dún.

"Ìró kí nìyẹn?" ni Emil bi mí. "Veni ni?"

"Òun ni. Fàdákà ló ń so."

Mo mọ̀ pé ó ń fetí sílẹ̀. Veni fi ọwọ́ kan di èkejì mú kó má baà dún mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló mú un dún.

"Amma, fàdákà kì í dún báyẹn," ló wí. "Gíláàsì nìyẹn."

Èmi tí ẹnu mi ti mọ irọ́, mi ò rí ìkankan pa.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo wo ọwọ́ Veni. "Ara rẹ̀ le," mo ní.

Mo gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́nà wọn lọ́hùn-ún, ní ìlú tó ti wá di tirẹ̀ báyìí, torí pé ó ti ní òkú níbẹ̀.

"Amma," ó ní, "mo lọ."

Mo dúró de èyí tó kù. Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo ń dúró dè é, títí ó fi já.

"Kí ló wí?" ni Veni bi mí.

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe wí i gẹ́lẹ́. Mi ò dín, mi ò lé.